Ewu Ọmọ Kò Tíì Kọjá ní Hamburg

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Berlin, àyà mi kan ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú àtijọ́. Mo kí Mọ́jí, àbúrò mi, tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mọ́jí, jọ̀ọ́, kà á tán. Má fo ibi tí mo bá ti dárúkọ rẹ.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ló mú kí ojú mi wú. N kò rí oorun sùn ni, Màmá. Ohun tó ń jí mi pọ̀. Ikọ́ ọkùnrin tó ń gbé lókè mi, tí n kò mọ̀ bóyá ikọ́ sìgá ni tàbí ikọ́ tuntun yìí. Ẹ̀rọ ìdáná mi, tí mo máa ń dìde lọ wò bóyá mo pa á, tí mo bá sì ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì tán, n óò tún máa rò ó pé bóyá ìgbà tí mo lọ wò ó gan-an ni mo tàn án. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sábẹ́ fèrèsé yín. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, bóyá mo lò ó tàbí n kò lò ó. Páànù òrùlé yín níhà ilé ìdáná. Yìnyín tó dì sẹ́nu ọ̀nà wa, tó lè yọ̀ mí ṣubú kí egungun ìbàdí mi ṣẹ́ ní àkókò tí ilé ìwòsàn kún. Ìròyìn tẹlifíṣọ̀n, tí n kò fẹ́ gbọ́, tí ẹ̀rù sì ń bà mí láti má gbọ́. Àti ohùn Folúkẹ́, ọmọ mi.

Ẹ yọ gbogbo ìyókù kúrò. Àwọn yẹn ti mọ mí lára. Ohùn Folúkẹ́ nìkan ló gba oorun lójú mi ní tòótọ́, òun náà ni mo sì torí rẹ̀ kọ̀wé.

Mo mọ̀ pé ẹ óò ní, ṣé lẹ́tà tí ọmọ kọ sí ìyá rẹ̀ ló yẹ kí a tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn kí gbogbo ayé máa kà á? Màmá, ẹbí wa ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Lórí WhatsApp ẹbí, kò sẹ́ni tí kò tíì dájọ́ mi. Àwọn ará Èkó dá a, àwọn ará Ìkirè dá a. Ìbátan wa kan ní Kánádà, tí n kò fojú rí rí, pè mí ní alágídí. Gbangba ni wọ́n ti bá mi wí, gbangba náà ni n óò ti fèsì. Mo sì mọ̀ pé bàbá mìíràn wà ní ilẹ̀ yìí, ìyá mìíràn wà, tí wọ́n ti sọ fún pé kó jókòó jẹ́jẹ́ sílé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ rẹ̀ ń rì ní ìlú kejì. Kí òun náà kà á.

Ẹ̀yin mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tò ó fún ẹni tí kò mọ̀. Folúkẹ́ nìkan ni ọmọ tí èmi àti ìyàwó mi olóògbé bí. Jenfeld ní Hamburg ni òun àti Ṣẹ́gun ọkọ rẹ̀ ń gbé, ní àjà kẹsàn-án. Nígbà tó lóyún, a ti ṣètò pé Mọ́jí yóò wá láti ilé, yóò dípò ìyá tí kò sí mọ́, yóò wẹ ọmọ, yóò sì fi omi gbígbóná tọ́jú ìyá ọmọ. Mọ́jí ti ra súwẹ́tà. Àrùn yìí dé, wọ́n ti fèrèsé tí wọ́n ti ń gba físà pa. Folúkẹ́ bímọ nínú oṣù Kejìlá, ọkùnrin. Ọjọ́ díẹ̀ sí i, ìjọba ibí kéde kónílé-ó-gbélé lẹ́ẹ̀kejì. Ṣọ́ọ̀bù tì, ilé ẹ̀kọ́ tì, nígbà tó sì di oṣù yìí, wọ́n tún ní ẹnì kan péré láti ilé mìíràn ló lè wọ ilé onílé.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ rántí pé orí fóònù ni gbogbo wa ti ṣe é. Ẹ̀yin wà nínú àpótí kékeré kan lójú fóònù, èmi wà nínú òmíràn, alàgbà ìjọ wọn wà nínú ẹ̀kẹta, iwájú orí rẹ̀ nìkan la rí títí àdúrà fi parí. Folúkẹ́ wé gèlè, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo yín ní ọmọ náà gbé imú Bàbá wa wá sáyé. A ṣe àmín, ẹ juwọ́, oníkálukú yọ kúrò. Èmi kò yọ, nítorí n kò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti jáde. Mo ń wá gíláàsì ojú mi kiri lórí tábìlì kí n lè rí bọ́tìnnì náà. Èmi nìkan ló ṣẹ́ kù, wọn kò sì mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ṣẹ́gun dìde lọ sí ilé ìdáná. Mo rí ọmọ mi tó tú gèlè rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ ẹrù kalẹ̀. Ọmọ bú sẹ́kún nínú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Folúkẹ́ kò wò ó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Mo pe orúkọ rẹ̀. Ó ta gìrì, ó nu ojú, ó sì fi èdè Jámánì sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan, ó kàn rẹ òun ni. Màmá, láti kékeré ni èmi àti ọmọ yìí ti ń sọ Yorùbá nílé. Nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́, bó bá ti ṣe ohun tí kò fẹ́ kí n mọ̀, Jámánì ló máa ń bá mi sọ. Ibẹ̀ ló máa ń sá pamọ́ sí. Láti ọjọ́ náà, Jámánì ni gbogbo ìdáhùn rẹ̀. Mo ní báwo ni ọmọ, ó ní gut, ìyẹn dáadáa. Mo ní ṣé o ti jẹun, ó ní ja, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ ṣe nǹkan kan.

Ṣẹ́gun ló pè mí níkẹyìn, láti ibi iṣẹ́. Ọkọ̀ agbẹ́rù ló ń wà ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní èbúté, mo ń gbọ́ ariwo wọn lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì pé òun kò fẹ́ kí ọkàn mi dàrú ni òun kò fi tíì sọ, nítorí òun mọ bí mo ṣe rí. Ó ní ìsinmi tí wọ́n fún òun ti tán, òun ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, òun ń wọlé lẹ́yìn tó ti ṣú, orí àga tí òun fi Folúkẹ́ sí náà ni òun ń bá a, nínú aṣọ ìwọ̀sùn kan náà, tíì tí òun pò fún un ti tutù níwájú rẹ̀. Folúkẹ́ ń fún ọmọ lóúnjẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń wò ó bí ẹni tó ń bá aládùúgbò gbé ọmọ dání. Hebamme, ìyẹn agbẹ̀bí tó máa ń wá wo abiyamọ nílé níbí, ló kọ́kọ́ fura. Òun ló mú un lọ bá dókítà. Dókítà ní àárẹ̀ ọkàn kan wà tó máa ń mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, pé ó ń sàn. Ó fún un ní ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ó ní kò gbọ́dọ̀ máa dá wà lójú ọ̀sán.

Kò gbọ́dọ̀ máa dá wà. Mo ní, ó dára, mò ń bọ̀.

Ìgbà náà ni ilé dàrú. Ṣẹ́gun kọ́kọ́ figbe ta. Ó ní iṣẹ́ tí òun ń ṣe, àárín èrò ni, òun kò fẹ́ kí wọ́n sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun gbé kòrónà wọlé pa bàbá ìyàwó òun. Ìyá Ìjọ wa, tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní àdúgbò Gesundbrunnen ní Berlin níbí, rẹ́rìn-ín títí ìbòmú rẹ̀ fi bọ́ sí àgbọ̀n. Ó bi mí pé, Bàbá Folúkẹ́, ṣé ẹ̀yin náà ni ẹ máa fún un lọ́mú ni? Ó ní iṣẹ́ obìnrin ni, pé òun ì bá lọ fúnra òun, ṣùgbọ́n ọkọ òun wà nínú ìyàsọ́tọ̀, òun kò sì lè fi í sílẹ̀. Mo ní kí ó dá mi lóhùn, nígbà tí obìnrin kan kò lè lọ ńkọ́, ṣé kí a máa wò ó? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó òrí, kànrìnkàn àti ògì sínú àpò fún mi, ó sì ń kùn.

Mọ́jí ní ọwọ́ ọkùnrin le, pé ọrùn ọmọ tuntun yóò dá lọ́wọ́ mi. Ó fi ohùn sọ ọ́ lórí WhatsApp, ariwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ fóònù.

Ó wá kan ẹ̀yin. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo ṣì wọ sùtánà mi, láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ ilé ìdáná, níbi tí mo ti ń bá ìjọ jọ́sìn lórí fóònù. Ẹ ní kí Mọ́jí gbé fóònù dúró dáadáa. Ẹ fi ọwọ́ di ọmú yín mú, ẹ ní bó bá jẹ́ èyí ni mo mu, n kò ní lọ. Ẹ ní ẹ kò ní fi ojú yín sin mí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún tí yóò fi ẹnu gbó o padà. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi.

Ṣùgbọ́n mo ti jókòó, mo ti rò ó. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn.

Màmá, ṣé ẹ rántí ọdún tí ilẹ̀ gbóná ní àdúgbò wa? Wọn kì í pe àrùn náà lórúkọ nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan kò ṣe fẹ́ pe tòní. Wolé-wolé na okùn dí ẹnu ọ̀nà, ẹni tó wà nínú kò gbọ́dọ̀ jáde, ẹni tó wà níta kò gbọ́dọ̀ wọlé. Bàbá wà ní Kùmásí níbi tó ti ń ṣòwò. Ẹ̀yin ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Mọ́jí, ẹ̀yìn sì ń dùn yín débi pé ẹ kò lè tẹ̀. Ìyá àgbà dúró lódìkejì okùn, ó ń sunkún, wọn kò jẹ́ kó kọjá. Ẹ wò yíká, ẹ pè mí. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Ẹ ní kí n jókòó sórí àpótí, kí n na ẹsẹ̀ mi méjèèjì, kí n tẹ́ ọmọ sórí ojúgun mi. Ẹ ní kí n fi ìgúnpá tọ́ omi wò kí n tó bù ú. Láti orí ẹní tí ẹ dùbúlẹ̀ sí ni ẹ ti ń pàṣẹ, ẹ ní gbé orí, ẹ ní rọra, ẹ ní má jẹ́ kí omi wọ ọ́ létí. Títí wọ́n fi tú okùn náà, èmi ni mo ń wẹ Mọ́jí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tó parí, ẹ kì mí nílọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, kí àwọn ẹgbẹ́ mi má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo pa á mọ́ títí mo fi hu ewú. Òní ni mo tú u síta, ẹ má bínú. Mọ́jí, fọwọ́ kan ọrùn rẹ. Ṣé ó dá? Ọrùn tí mo gbé dúró náà lo fi ń pariwo mọ́ mi.

Màmá, ẹ̀rù àrùn ń bà yín lọ́jọ́ náà ju ti òní lọ. Ẹ kò sì bi mí bóyá ọkùnrin ni mí. Èmi ni mo wà níbẹ̀, ẹ lò mí.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí òfin. Gbogbo yín ń ka òfin náà sí mi létí bí ẹni pé èmi ló ń lé. Ẹ tún un kà. Ẹnì kan láti ilé mìíràn. Mo ti ka ara mi, èmi kì í ṣe méjì. Ẹnì kan náà tí òfin gbà láyè, èmi ni. Àwọn ọkọ̀ ojú irin ń rìn. Mo pe ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń dáhùn ìbéèrè, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé e ní kò sí ohun tó dí bàbá lọ́wọ́ láti lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ orí mi, òun yóò gbà mí nímọ̀ràn pé kí n rò ó dáadáa. Mo sọ fún un pé rírò gan-an ni iṣẹ́ mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Àbí irọ́ ni mo pa? Ẹ̀yin ni ẹ bí mi. Bí òjò bá ṣú nígbà tí Bàbá wà lóko, èmi ni mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí n kò ní jẹun títí n óò fi rí i. Ẹ máa ń ní orí mi yóò tètè funfun, ó sì funfun. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń dààmú, ìdààmú náà kò sì gbé páànù kan padà sórí òrùlé rí. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti fún un níṣẹ́ ṣe. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá n kò jáde síta, ẹnu ọ̀nà ni Ìyá Ìjọ ń gbé ọjà mi sí. Dókítà mi ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, n óò ṣe àyẹ̀wò kòrónà kí n tó wọkọ̀. Mo ti ra ìbòmú tó nípọn. Ilé ni n óò ti jẹun kí n má baà ṣí imú nínú ọkọ̀. Ṣẹ́gun ti gbà pé bí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun yóò wẹ̀, òun yóò pààrọ̀ aṣọ, òun yóò sì jẹun lẹ́bàá fèrèsé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù Hamburg kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. N kò sọ pé kò bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà mí bí mo ṣe jókòó sílé yìí ju èyí tó wà nínú ọkọ̀ lọ fíìfíì.

Ìyá arúgbó kan wà ní àdúgbò Lichtenberg tí mo ń gbé níbí, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi. Frau Lehmann, ìyẹn Ìyáàfin Lehmann, ni wọ́n ń pè é. Ó jù mí lọ díẹ̀. A máa ń ṣí ilẹ̀kùn, oníkálukú a dúró sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, a ó jọ bú ojú ọjọ́. Ojú ọjọ́ náà tó èébú, nítorí oòrùn ibí ń jáde bí ẹni tí wọ́n fi ipá rán níṣẹ́, oúnjẹ ọ̀sán kì í sì í tíì dà nínú ènìyàn tí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ lọ, ó pè mí ní olórí kunkun. Ó ní ènìyàn tó ti dàgbà tó mi yẹ kó ní ọgbọ́n. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ní òun ti tẹ̀ lé gbogbo òfin, láti ìgbà ìrúwé tó kọjá ọwọ́ ènìyàn kan kò tíì kan ọwọ́ òun. Ọmọ òun ọkùnrin ń pè lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ń ní kí òun fara dà á. Ó ní òun ti ń fara dà á débi pé òun kò mọ ohun tí òun ń fara dà á fún mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí àpò ọ̀rá kan lára ọwọ́ ilẹ̀kùn mi. Fìlà ọmọdé àti ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ òféèfèé ló wà nínú rẹ̀, ó fọwọ́ hun ún.

Èmi náà mọ oró ìdáwà náà. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ń bá wọn gbá láàárọ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì wà ní títì, kò síṣẹ́. Mo máa ń lọ aṣọ mi, mo máa ń wọ̀ ọ́, n óò sì kí ara mi ẹ káàárọ̀ sókè kí ohùn mi má baà gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù nípa owó oògùn yín, owó ìfẹ̀yìntì mi ń wọlé, kò ní yẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé bí ògiri bá lè máa sún mọ́ èmi tí ara mi le, tí kò sí ọmọ tó ń ké lọ́wọ́ mi, kí ni yóò ṣe fún Folúkẹ́?

Àwọn kan nínú ẹbí ní ayé ló ń ṣe é. Mo ti tan àbẹ́là. Mo gba ààwẹ̀ títí dókítà fi bá mi wí. Mo gbà á gbọ́ pé Ọlọ́run ń gbọ́, ṣùgbọ́n àbẹ́là kò lè gbé ọmọ tó ń ké. Ẹ̀gbọ́n wa kan tilẹ̀ ní obìnrin tó bímọ ayọ̀ tó wá ń sunkún, aláìmoore ni, pé ìyá òun bí mẹ́sàn-án, òun kò rí omijé rẹ̀. Èyí ló bí mi nínú jù lọ. Agbo ilé ni ìyá rẹ̀ bímọ sí. Kó tó sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, ọwọ́ mẹ́ta ti gbé omi dé. Folúkẹ́ bímọ sí àjà kẹsàn-án, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn, ìyá rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, ìyá tó yẹ kó dípò rẹ̀ wà ní Ìkirè pẹ̀lú súwẹ́tà tuntun. Kí ẹ̀gbọ́n náà lọ jókòó síbẹ̀ kó má sunkún, kí n rí i.

Bí obìnrin bá bímọ nílé wa, ẹ kú ewu ọmọ la fi ń kí i. Àwọn tó fi ìkíni náà lélẹ̀ mọ ohun tí wọ́n rí. Ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu. A ó kí ìyá ọmọ tán, a ó kẹ̀yìn sí i, a ó dojú kọ ọmọ. Láti ìgbà tí ọmọkùnrin yìí ti dé, fóònù mi kò sinmi. Ta ló jọ, ṣé ó ń sùn, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ṣé etí rẹ̀ kò dúdú jù. Ẹnì kan kò bi mí pé Folúkẹ́ ńkọ́. Ẹ̀yin náà kò bi mí, Màmá. Ẹ ń sọ̀rọ̀ ọmọ tuntun. Èmi ń sọ̀rọ̀ ọmọ tèmi.

Òun ni mò ń lọ tọ́jú. N óò ṣí kọ́tìnì láàárọ̀. N óò po ògì, n óò jókòó tì í títí yóò fi mu ún. N óò gbé ọmọ kó lè lọ wẹ̀ kó sì pẹ́ níbẹ̀. Bí ọjọ́ tí wọ́n ní kó padà rí dókítà bá pé, n óò wọ bàtà, a ó jọ lọ. Ní ti ìwẹ̀ ọmọ, Hebamme náà ti bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó, pé a kò gbọ́dọ̀ na apá rẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ jù ú sókè. Mo mọ̀ pé ẹ ń pariwo bí Mọ́jí ṣe ka ibi yìí. Èmi náà bá a jiyàn. Mo gbà níkẹyìn, ṣùgbọ́n mo ní òrí ńkọ́, ó ní òrí dára, a sì fi ìyẹn ṣe ìrẹ́pọ̀. Bí Folúkẹ́ bá fẹ́ sunkún, kó sun ún níwájú mi, ní èdè tó bá wù ú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmú. Mo mu ún, Màmá. Mo mu ún ju àwọn àbúrò mi lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ. Ẹ ní ẹ kò fẹ́ fi ojú yín rí ikú ọmọ yín. Ohun tí ẹ ń bẹ̀rù fún mi gan-an ni mo ń bẹ̀rù fún Folúkẹ́. Bí ẹ bá lè ti Ìkirè di ọmú mú nítorí ọmọ tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kí ló dé tí ẹ fi rò pé èmi yóò lè jókòó nítorí tèmi?

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ gba ọ̀rọ̀ náà padà. Ẹ pè mí, ẹ ní kí n máa lọ ní àlàáfíà. Ìyẹn nìkan. Bí ẹ bá pè, n óò wólẹ̀ dúpẹ́. Bí ẹ kò bá pè, n óò lọ. Bí mo bá sì délé lọ́jọ́ kan, kí ẹ ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé, n óò kúnlẹ̀. Èmi tí mo máa ń tọrọ àyè kí n tó gba ẹ̀gbẹ́ ènìyàn kọjá, n kò tọrọ àyè nínú èyí.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Kí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé ọmọ ọmọ ọmọ yín lórí ẹsẹ̀. Kí ẹsẹ̀ yín má wú, kí oúnjẹ máa dùn lẹ́nu yín, kí àrùn yìí kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín láìyà. Ẹ bá mi kí aládùúgbò yín tó ń pọn omi fún yín. Ẹ bá mi kí káfíńtà, kí ẹ sì ní páànù náà kò gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà òjò. Mọ́jí, mo kí ọ, ìwọ tí mo wẹ̀. Mo kí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp, títí dé Kánádà.

Èmi ni ọmọ yín, Bánkọ́lé, tí yóò gbéra ní Berlin lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní yìí.